Jáàkì Pupa àti Ẹ̀kúnwọ́ Yẹ̀pẹ̀

Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ, ìyá wa sì kọ́ wa nílé. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo jókòó sí tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó di etí.

Mo-Ti-Mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Sọ fún un pé òjò ń ṣú, á ní, "Mo ti mọ̀." Sọ fún un pé okùn bàtà rẹ̀ tú, á ní, "Mo ti mọ̀," á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí bàbá wa kú, èmi ni mo pè é lórí fóònù. Ó wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Bàbá ti lọ." Ó ní, "Mo ti mọ̀." Ibo ló ti mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ Bàbá ò tíì tutù lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà mẹ́fà ló ní, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, orí rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ ọkọ̀ wà. Mo ti jókòó tì í rí, kí ìjà tó dé. Bó bá ti gbá jíà mú báyìí, ọkọ̀ ńlá yẹn á máa gbọ́ràn bí ọmọ tí wọ́n fi ojú bá wí. Kì í wo jíà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ̀nà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló sì fi ń yangàn. Kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ẹgbẹ́, kì í ṣeré kankan. Gbé e kúrò nídìí sítíárì, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ ju ẹnu lọ.

Ẹnu náà ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń lọ, ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní ilé, ó fún èmi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa méjèèjì la gbà pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Òun ní ọkùnrin ló ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Èmi ní ta ló dúró ti Bàbá nídìí káńtà fún ọdún mọ́kànlá nígbà tí ẹnì kan ń sáré kiri títì? Ó pè mí ní olè níwájú àwọn àbúrò ìyá wa. Mo pè é ní àlejò. Ọdún keje rèé. Bá a bá pàdé lọ́nà, màá kí i nítorí ẹ̀kọ́ ilé, òun á sì wo òkè bí ẹni tó ń ka wáyà iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ ọkọ̀ là ń tà: sípánà, nọ́ọ̀tì, gíríìsì, bẹ́líìtì, àti jáàkì lóríṣiríṣi. Bàbá ní òfin kan tí àwọn oníbàárà fi máa ń rẹ́rìn-ín. Ohunkóhun tó wù ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, o lè rà á lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jáàkì tí wàá lò nílé ni, wàá kọ́kọ́ lọ bu ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ wá láti ojú ibi tí wàá gbé e lé. Bàbá á tú u sórí káńtà, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wọ́n omi díẹ̀ sí i, á tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó máa sọ irú jáàkì tí ilẹ̀ rẹ lè gbà.

"Gbogbo yín lẹ ń béèrè bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó," ló máa ń wí. "Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Jáàkì ò gbé ọkọ̀ rí. Ilẹ̀ ló ń gbé e, jáàkì kàn wà láàárín wọn ni."

Mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo gba òfin náà mọ́ ọn. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn, mo sì mọ̀. Kò dùn mí. Kò sí ẹni tó ra jáàkì lọ́dọ̀ wa tí ọkọ̀ wó lé.

Ọjọ́rú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mò ń wọn gíríìsì fún mẹkáníìkì kan tó ń ṣe ọkọ̀ ní òpin àdúgbò wa, ni ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà dínkù. Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ọdún méje ni kò tẹ ibẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo fẹ́ jáàkì."

"Mo ní ẹ káàárọ̀."

"Jáàkì ni mo wá rà. Mi ò wá kí èèyàn."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ni wọ́n ń fi jáàkì ṣe? Ṣé mo ní mo fẹ́ fi wẹ̀ ni?"

Mẹkáníìkì yẹn rẹ́rìn-ín sínú gíríìsì rẹ̀. Mo fojú bá a wí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ìṣó lára pákó. Táyà iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti ń jẹ létí. Ó fẹ́ gbé wọn lọ sẹ́yìn, kó gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú, kí gbogbo wọn lè máa jẹ bákan náà. Iṣẹ́ fọkanáísà nìyẹn, ṣùgbọ́n fọkanáísà mẹ́ta ló wà ládùúgbò, ó sì ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà. Ó ní àkọ́kọ́ ń fún nọ́ọ̀tì jù. Ó ní èkejì kì í fún un tó. Ó sọ fún ẹ̀kẹta bó ṣe yẹ kó máa di sípánà mú, ìyẹn sì ní kó máa lọ kóun tó fi sípánà náà hàn án. Torí náà, ó fẹ́ máa ṣe é fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá ilé.

"Irú èyí ni mo fẹ́," ó ní. Ó na ọwọ́ sí jáàkì onítáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tó gùn bí àpótí tó sì ń fi ẹsẹ̀ irin kéékèèké mẹ́rin yí nílẹ̀. "Màá tì í wọ abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú, màá gbé e sí àárín gbùngbùn, màá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà."

"Jáàkì ìgò ńkọ́?" Mo na ọwọ́ sí èyí kúkúrú tó rí bí ìgò lórí pẹpẹ. "Ẹ ó máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan..."

"Mo ti mọ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, kí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi lórí. Mo ní àárín gbùngbùn."

Ìgbà kejì tó sọ pé àárín gbùngbùn ni mo rántí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rántí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn odi, tó ń wakọ̀ fún àwọn kan fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Kò lè máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe nílé mọ́. Ó gbẹ́ kòtò gbọọrọ kan sínú àgbàlá, tó fẹ̀ tó àyè èèyàn kan, kí ọkọ̀ lè máa ya ẹsẹ̀ dúró lé e lórí, kí òun wọnú rẹ̀ kóun máa wo abẹ́ ọkọ̀ ní ìdúró. Kò lò ó tó ọdún kan. Òjò àkọ́kọ́ sọ ọ́ di adágún, ẹ̀fọn sì lé wa wọlé. Èmi àti Bàbá la dí i. Eérú la dà sí i, àti garawa tó ti jò, fọ́ọ̀mù àga ọkọ̀ tó ti já, ìgò fífọ́, ewé gbígbẹ. A da òkúta wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó bá àgbàlá tó tẹ́jú. Ibẹ̀ náà ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí láti ìgbà yẹn. Táyà ọ̀tún wà lórí ilẹ̀ líle, táyà òsì wà lórí ilẹ̀ líle, kòtò wà láàárín wọn. Àárín gbùngbùn.

Jáàkì onítáyà a máa rìn bó ṣe ń gbé ẹrù. Bí apá rẹ̀ ṣe ń ròkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀. Kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ gan-an, kò dáa. Lórí kòtò tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù dí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. "Bọ̀ọ̀dá, kòtò wà níbẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá wo ojú rẹ̀, bó ṣe ń wo ọjà orí pẹpẹ mi bí ẹni pé wọ́n jí wọn kó nílé rẹ̀, mo gbé gbólóhùn náà mì.

"Ẹ lọ bu yẹ̀pẹ̀ wá," mo ní.

"Kí ni?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan. Láti àárín gbùngbùn yẹn. Òfin Bàbá ni."

Ó wọlé wàyí, ẹsẹ̀ méjèèjì. "Yẹ̀pẹ̀? Ilé tí wọ́n bí èmi àti ìwọ sí, ìwọ ò mọ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lókè eèpẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá ilé tí Bàbá fún un, kó fi ọwọ́ tó fi ń yangàn bu yẹ̀pẹ̀, kó gbé e kọjá àdúgbò mẹ́ta, kó wá tú u síwájú mi, kó dúró, kó máa wo ẹnu mi. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, mo fẹ́ kó gbọ́ nǹkan lẹ́nu mi tí kò ní lè sọ pé òun ti mọ̀. Mo sì ń sọ fún ọkàn mi pé kò séwu: bó bá bù ú, eérú á yọ, ìgò fífọ́ á yọ, á mọ̀.

"Gbogbo ayé ló ń mú un wá," mo ní. "Ẹ̀yin náà ò yàtọ̀."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lẹ́yìn kọjá omi lọ sílé ìwé," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, kí táyà má baà wọ́. Èmi ni kí n ru ilẹ̀ wá bá ọ? Ìwọ, kí ni wọ́n fi ọ́ jẹ?"

"Wọ́n fi mí jẹ oníṣọ́ọ̀bù."

Ó wo mẹkáníìkì, ó wo èmi, ó tutọ́ síta, ó sì kọjá sí òdìkejì títì.

Òdìkejì títì ni Kò-Burú wà. Irinṣẹ́ lòun náà ń tà. Ohunkóhun tó o bá bi í, "kò burú" ni. Ṣé jáàkì yìí lè gbé ọkọ̀ mi? Kò burú. Ṣé ó lè gbé ilé? Kò burú. Kí n tó fi ìdérí bo gíríìsì, ẹ̀gbọ́n mi ti jáde pẹ̀lú jáàkì onítáyà pupa kan tó ń dán yọ̀. Kò gbé e sínú ọkọ̀ kankan. Ó ń tì í lórí ọ̀dà lọ, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin náà ń han gooro. Ilé rẹ̀ wà lápá òkè, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ tì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó sì tún tì í kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyá," ni mẹkáníìkì yẹn wí, "ẹ̀gbọ́n yín yìí, alágídí gidi ni."

"Gba gíríìsì ẹ, máa lọ," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ wá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ránṣọ. Kò bá wa dá sí ìjà náà rí. Ó ṣì ń pè mí ní ọkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó pe àbúrò ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù mí lọ.

"Ọkọ mi," ó ní, "ó ní ọ̀la òun máa pààrọ̀ táyà. Èmi ni màá máa tẹ ọwọ́ jáàkì fún un. Ṣé jáàkì pupa yẹn dáa?"

"Jáàkì náà ò ṣe nǹkan kan."

"Àyà mi ń já ni. Ṣé kò sí ohun tó yẹ kí n sọ fún un?"

Ó jókòó sórí àpótí nọ́ọ̀tì, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò mí. Gbólóhùn yẹn tún gòkè wá. Mo ní, "Sọ fún un kó bu yẹ̀pẹ̀ wá."

"Ó ti ní tí mo bá tún dárúkọ yẹ̀pẹ̀ nínú ilé yẹn, òun máa jáde."

"Kó jáde, nígbà náà."

Ó dìde, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o! Ó sì lọ. Mi ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ yẹn ti sùn lé kòtò lórí fún ọdún púpọ̀, kò rì. Mo sọ fún ara mi pé eérú náà ti lè le. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá mọ gbogbo nǹkan, á mọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ. Oníbàárà kan béèrè nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá, mo fún un ní mẹ́tàdínlógún, ó dá a padà, mo tún fún un ní mẹ́tàdínlógún. Ó ní, "Ìyá, ara yín yá?" Bó ṣe ń bi mí lọ́wọ́, ojú ìyàwó yẹn ni mò ń rí, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nídìí ọwọ́ jáàkì. Ohun tí mo ti ń tì mọ́lẹ̀ láti Ọjọ́rú bá já. Mo fa jáàkì ìgò kan lórí pẹpẹ, mo gbé e lé èjìká, mo jáde. Mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí oníbàárà yẹn ń pariwo pé, "Ẹ̀yin Ìyá, ta ni màá fún lówó?"

Àdúgbò mẹ́ta ni. Èmi tí mi ò sáré láti ìgbà ọmọdé, mo sáré. Jáàkì ń gbá mi légungun èjìká. Mò ń rò ó pé tí mo bá débẹ̀ tí nǹkan kan ò tíì ṣe, màá sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá, iwájú ọkọ̀ ti wà lókè. Jáàkì pupa wà lábẹ́ rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Kò fi òkúta tàbí igi kankan tì í, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìyàwó rẹ̀ dúró lápá iwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin jáàkì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ti yọ táyà iwájú, ó sì ti na ọwọ́ ọ̀tún wọ abẹ́ irin tí wọ́n ń so táyà mọ́, ó ń nu iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Mo rí ẹsẹ̀ jáàkì. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀ dé ìdajì.

"Ìyàwó, kúrò níbẹ̀!" mo pariwo. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yọwọ́! Kòtò wà lábẹ́ ibẹ̀!"

Ìyàwó fò sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi yí orí padà, ó wò mí. Ó ní, "Kòtò wo?"

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, àsìkò yẹn gan-an ni kò sì yẹ kó béèrè. Ilẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn tẹ ewé gbígbẹ. Jáàkì pupa fì sí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ wọlẹ̀, ọkọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ìyàwó rẹ̀ ló pariwo. Òun kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irin ìdí táyà sì jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí òkúta.

Mo fa pákó tó wà lẹ́bàá ògiri, mo tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti yọ táyà, mo gbé jáàkì ìgò lé e, mo tẹ̀ ẹ́. Ó gba ìtẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo kà wọ́n. Ọkọ̀ gòkè bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ìyàwó rẹ̀ fa ọwọ́ náà jáde, ó sáré mú ẹ̀wù kan tó ń rán nínú ilé, ó fi wé e.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n gé ìka mẹ́ta nílé ìwòsàn. Àtàǹpàkò àti ìka kékeré ló kù.

Ẹ gbọ́ ohun tí àdúgbò wí. Wọ́n ní ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá ń jẹ́. Wọ́n ní pẹ̀lú gbogbo ìjà yẹn, àbúrò rántí kòtò lójijì, ó gbé jáàkì lé èjìká, ó sáré la àdúgbò mẹ́ta já. Àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kò-Burú kọjá títì wá bá mi, ó ní ó yẹ kóun ti bi í nípa ilẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ yọ wá." Mo ní kó dìde. Mo ní, "Ọlọ́run ló rán mi létí." Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà sì dùn lẹ́nu mi fún bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè jẹun dáadáa mọ́.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń wà á. Awakọ̀ kan tí wọ́n gbà ni, tó ń fi agídí wọ jíà tí irin fi ń ké. Ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó tì í. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo-Ti-Mọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó kù-díẹ̀-káàtó yẹn lé itan. Bí irin bá ti ké, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń fò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá lọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n jáde tí ojú wọn ò pọ́n, irọ́ ni wọ́n pa fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ náà ni. Kò dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọlé tààrà, ó gbé àpò ọ̀rá kan lé káńtà, ó fi ọwọ́ òsì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́, eérú dúdú, ìgò fífọ́ méjì, ẹ̀já fọ́ọ̀mù àga.

"Mo bù ú wá," ó ní. "Àárín gbùngbùn. Ta jáàkì fún mi."

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ yẹ̀pẹ̀ náà bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Mi ò wọ́n omi sí i, kò sí ohun tí mo fẹ́ mọ̀ níbẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí ò gba jáàkì onítáyà," mo ní. "Jáàkì ìgò ni. Ẹ ó máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, níbi tí ilẹ̀ ti le, lórí pákó tó nípọn tó ọwọ́. Ẹ ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì gbé ọkọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi. Ọwọ́ òsì ò kú."

Mo gbé jáàkì náà wá. Mo gbé irin méjèèjì wá. Mo wá pákó kan lẹ́yìn ilé, mo fi kún un. Ó ń wo gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko bí ìgbà àtijọ́. Mo ronú pé bó bá jáde báyìí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, ó parí nìyẹn, màá jẹ́ akọni ládùúgbò títí tí màá fi kú, oúnjẹ ò sì ní dùn lẹ́nu mi mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò gbàgbé kòtò yẹn. Kì í ṣe Àbámẹ́ta yẹn ni mo rántí rẹ̀. Ọjọ́rú yẹn, níbi tí ẹ dúró sí yìí, bí ẹ ṣe sọ pé àárín gbùngbùn ni mo ti rántí. Ìyàwó wá bi mí lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sọ fún òun náà."

Ó gbé ojú sókè. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka kékeré, ṣa ìgò fífọ́ méjèèjì kúrò lórí káńtà mi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó sì ń jù wọ́n sínú àpò ọ̀rá náà.

"Mo ti mọ̀," ó ní.

Ó gbìyànjú láti gbé jáàkì, kò ṣeé ṣe fún un pẹ̀lú irin méjì àti pákó. Mo bá a gbé e jáde, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí awakọ̀ yẹn gbé dúró síta, kò sì dúpẹ́.